Sí Olóòtú: Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àárẹ̀ àìlọ kò tíì débi tí wọ́n ń gbé e dé

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti oṣù October ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi àrùn àárẹ̀ àìlọ hàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ME/CFS, àti pé agbára káká ni àyẹ̀wò náà fi ń ṣì í mú. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa, ìdí nìyẹn tí a fi kọ̀wé. Títí di àkókò yìí, kò sí àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀ tàbí nínú itọ́ tí dókítà lè gbára lé láti sọ pé lágbájá ní àrùn yìí tàbí pé kò ní in. Ẹni tó bá ní owó àyẹ̀wò lọ́wọ́, ibòmíràn ló yẹ kó ná an sí. A ó sọ ibẹ̀.

Àrùn náà wà o. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àsàsí. Nǹkan mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà ní kí dókítà wò, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Àkọ́kọ́, kí àárẹ̀ tí kì í ṣe àtilẹ̀wá ti wà lára onítọ̀hún ju oṣù mẹ́fà lọ, kó ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìsinmi má sì ran án. Èkejì, kó sùn sùn kó jí bí ẹni tí kò fojú ba oorun. Ẹ̀kẹta, kí ìrántí àti ìrònú máa ṣe ségesège, tàbí kí ara rẹ̀ máa burú sí i bó bá wà ní ìdúró. Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa: iṣẹ́ díẹ̀ á dá a wó, ìwólulẹ̀ náà kì í sì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè fọ aṣọ mẹ́ta lónìí kó dà bíi pé kò sí nǹkan kan, kó wá di ọ̀la tàbí ọ̀túnla kó má lè dìde lórí ibùsùn, kí ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá kó tó bọ̀ sípò. Bí ẹ̀kẹrin yìí kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ aláìsàn, ẹ jẹ́ ká wá ìdí àárẹ̀ náà síbòmíràn. Ní England, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà níbẹ̀, ti oṣù October 2021 gbà pé oṣù mẹ́ta ti tó láti pe orúkọ àrùn náà, kò dìgbà tó bá pé mẹ́fà.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ àyẹ̀wò tí ariwo rẹ̀ gba ìlú wò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì East Anglia àti ilé iṣẹ́ Oxford BioDynamics ló ṣe é. Bí DNA ṣe ká jọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wò. Aláìsàn 47 ni wọ́n lò, gbogbo wọn ni àrùn náà sì mú gan-an. Wọ́n fi wọ́n wé èèyàn 61 tí ara wọn le. Nínú aláìsàn 100, wọ́n ní àyẹ̀wò náà á mú 92. Nínú ẹni 100 tí kò ní in, á dá 98 láre. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé tí ìwé àyẹ̀wò bá ti sọ pé "ó wà níbẹ̀", ọ̀rọ̀ parí. Kò parí rárá. Ẹ mú kálámù.

Ìwádìí tí Mary Gloria Njoku, Leonard Jason àti ẹnì kejì wọn tẹ̀ jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé 0.68 nínú àgbàlagbà 100 ní Nàìjíríà ló ní àrùn yìí. Tí a bá kó àgbàlagbà 10,000 jọ, 68 ló ní in, 9,932 ni kò ní in. Nínú 68 yẹn, àyẹ̀wò á mú nǹkan bí 63, márùn-ún á bọ́. Nínú 9,932, ẹni méjì nínú 100 ni àyẹ̀wò á fẹ̀sùn kàn lásán, ìyẹn nǹkan bí 199. Nítorí náà èèyàn 262 ló máa gba ìwé pé àwọn ní àárẹ̀ àìlọ, 63 péré nínú wọn ló sì ní in lóòótọ́. Mẹ́ta nínú mẹ́rin á gba orúkọ àrùn tí kò ṣe wọ́n. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó purọ́. Bí ìṣirò ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí àrùn kò bá pọ̀ láàárín ìlú.

Ẹnì kan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló máa ṣe àyẹ̀wò, ẹni tó ti ń rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ìṣirò á sì sàn díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro kejì wà. Àwọn tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú àárẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn láàárín èèyàn 61 tí ara wọn le yẹn. Ta ló wá mọ̀ bóyá ohun tí àyẹ̀wò náà rí ni àárẹ̀ àìlọ, tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ èyíkéyìí, tàbí kìkì pé èèyàn ti dùbúlẹ̀ pẹ́? Ní ti èyí, àwọn ará Yunifásítì Oxford tó fi ìmọ́lẹ̀ laser yẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dún 2023 ṣe dáadáa jù: aláìsàn 61 ni wọ́n lò, wọ́n sì fi ẹni 21 tó ní àrùn iṣan ara tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis kún àwọn 16 tí ara wọn le. Wọ́n pín wọn sọ́tọ̀ dé ìdá 91 nínú 100. Iye èèyàn ṣì kéré, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn le ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ní ìtàn lẹ́yìn. Ní oṣù October 2009, ìwé ìròyìn Science gbé e jáde pé wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan, XMRV, lára aláìsàn 68 nínú 101, nígbà tó jẹ́ pé ẹni 8 péré nínú 218 tí kò ṣàìsàn ni wọ́n rí i lára wọn. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn HIV. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2010, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Australia ti ní kí ẹni tó ní àrùn yìí má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ mọ́. Láàbù kan lẹ́yìn òmíràn wá a, wọn kò rí i. Níkẹyìn ni wọ́n rí ibi tó ti wá: láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n ń tọ́ ẹran jẹjẹrẹ pírósíteètì sínú ara eku ní láàbù, àjákù fáírọ́ọ̀sì eku méjì sì so pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀. Inú láàbù ló ti ń ràn ká, kò tara aláìsàn wá. Science fa ìwé náà ya ní oṣù December 2011. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ tí Ian Lipkin darí yẹ aláìsàn 147 àti ẹni 146 tí kò ṣàìsàn wò láìjẹ́ kí láàbù mọ èwo ni ti ta. Wọn kò rí XMRV lára ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ló ń da láàbù láàmú. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan láti apá aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ṣì wà láàyè, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹun. Tí ẹ kò bá yà wọ́n kúrò lára omi ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á máa fi nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú 100 dín kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, lactate, ìyẹn àjẹkù ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, á sì máa gòkè. Ooru ọ̀sán tiwa á jẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀. Tí rọ́bà tí wọ́n fi so apá bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí wọ́n tún ní kí aláìsàn máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u, potassium àti lactate ti yí padà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tóóró fà á tipátipá, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́. Nígbà tí ẹ bá yọ ìgò náà nínú ẹ̀rọ tó ń yí i, omi orí rẹ̀ tó yẹ kó ní àwọ̀ òféèfèé á ti pọ́n bíi sóbò, gbogbo ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ti dà sínú rẹ̀. Aago tí wọ́n fà á náà ṣe pàtàkì: cortisol, hòmóònù kan nínú ẹ̀jẹ̀, ti àárọ̀ ga ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Tí iná bá lọ, tí ohun tó dì nínú fíríìsà yọ́, tí wọ́n sì tún mú un dì, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ti bàjẹ́.

Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí àárẹ̀ àìlọ mú gan-an kò lè jáde. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á sì wà nínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi wé e ńkọ́? Òṣìṣẹ́ láàbù àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ti fa tiwọn. Tí lactate aláìsàn bá wá ga, kí ni wọ́n wọ̀n, àrùn ni àbí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, kí a tó ka iye tí ìwé ìwádìí gbé jáde, ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gbé e la kọ́kọ́ ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí nílẹ̀ wa, kó fa ẹ̀jẹ̀ ìhà méjèèjì ní wákàtí kan náà láàárọ̀, kí àwọn méjèèjì ti gbààwẹ̀ bákan náà, kó gbé ti onílera náà gba ọ̀nà jíjìn kan náà, kó kọ aago tí wọ́n fà á àti aago tí wọ́n yí i sára ìgò, kó sì pín omi ẹ̀jẹ̀ sí ìgò kéékèèké kó tó mú un dì, kí ó má bàa sí èyí tó máa yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgò ọlọ́mọrí eérú tó ní fluoride ni kó lò fún ṣúgà, kó má lo ọlọ́mọrí pupa.

A kò sọ pé ìwádìí kò rí nǹkan kan. Ní oṣù June 2025, àwọn ará Edinburgh wo àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 1,455 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èèyàn tó ju 131,000 lọ nínú UK Biobank, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìlera ọ̀pọ̀ èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sí. Ohun 116 ló yàtọ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ìyẹn nìkan tó láti pa àwọn tó ní orí ni gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kéékèèké ni wọ́n, iye ti aláìsàn àti ti onílera sì wọnú ara wọn débi pé kò sí èyí tí a lè mú nínú wọn tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní oṣù August ọdún yẹn kan náà, DecodeME, ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àrùn yìí, wo àbùdá aláìsàn 15,579, wọ́n sì rí ibi mẹ́jọ nínú DNA tó ní í ṣe pẹ̀lú àrùn náà. Àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá nìkan ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Manchester tó bá ka ìròyìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti kàn wọ́n, wọn kò sí nínú ìṣirò náà.

Ohun tó ń fa ojú wa mọ́ra jù kò tiẹ̀ sí nínú ìgò. Ní Netherlands, lọ́dún 2020, van Campen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so aláìsàn 429 mọ́ ibùsùn tó ń dìde, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Nígbà tí ibùsùn dìde, ti onílera fi ìdá 7 nínú 100 dín kù. Ti aláìsàn fi 26 dín. Àyẹ̀wò gígun kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ méjì náà wà: ní ọjọ́ kìíní ó lè máà sí ìyàtọ̀ tó ṣe é rí, àmọ́ tí aláìsàn bá tún gùn ún lẹ́yìn wákàtí 24, iye iṣẹ́ tó lè ṣe kí èémí rẹ̀ tó yí padà á ti wálẹ̀, nígbà tí onílera á tún ṣe bíi ti àná. Ẹ má ṣe dán èyí wò fúnra yín o. Ó lè dá aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Níbo wá ni kí èèyàn náwó sí? Kó kọ́kọ́ ná an sí wíwá àìsàn tó ní oògùn. Kó ṣe PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó) pẹ̀lú kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ferritin fún irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ara, TSH fún ẹṣẹ́ ọrùn, HbA1c fún ìtọ̀ ṣúgà, iṣẹ́ kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀, calcium, CRP tàbí ESR fún wíwú nínú ara, creatine kinase fún ẹran ara, àti àyẹ̀wò ìtọ̀. Nílẹ̀ tiwa, kó fi HIV, hepatitis B àti C kún un, àti jẹ́nótáìpù tí kò bá tíì mọ tirẹ̀. Tí ikọ́ tàbí rírù bá wà, GeneXpert fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí wọ́n bi í bó ṣe ń sùn, bó bá ń han-anrun tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lóru, kí wọ́n sì wo oògùn tó ń lò, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń mú àárẹ̀ wá. Ẹ ṣọ́ra fún ferritin: àìsàn tó ń fa wíwú nínú ara máa ń gbé e sókè. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó bá wà lábẹ́ 15 µg/L ni WHO ka irin sí pé kò tó; tí kòkòrò tàbí wíwú bá wà lára, 70 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Nítorí náà ferritin 40 pẹ̀lú CRP tó ga kì í ṣe "kò sí nǹkan kan".

Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ni kó má ná owó rẹ̀ sí. Ẹni tí àárẹ̀ bá ti mú ní ìlú yìí, "ibà àti táífọ́ọ̀dù" ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é, wọ́n á fi Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó kọ 1/160 gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n á tún un ṣe. Ní ibi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le ló ní irú iye bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láti ìgbà tí kòkòrò náà ti kọjá lára wọn. Tí ẹ bá fura sí táífọ́ọ̀dù, ẹ gbin ẹ̀jẹ̀ wò kí oògùn tó wọ ara. Ciprofloxacin tí wọ́n ń lò lálòtúnlò lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, kò sì ní wo àárẹ̀ àìlọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò ìdúró, tí kò gbówó lórí: ẹ̀rọ ìfúnpá, aago àti ògiri ti tó. Kí aláìsàn má mu kọfí, kó má jẹ obì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì ti mu omi tó. Kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wọn ìfúnpá àti ìlù ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kó wá dìde, kó fi èjìká nìkan ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, kó má sọ̀rọ̀, kó má mi ẹsẹ̀. Ẹ máa wọn méjèèjì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí di 10, kí ẹ máa gbé apá rẹ̀ sí déédéé àyà nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Tí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tó ń làágùn tútù, ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Tí ìlù ọkàn àgbàlagbà bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gòkè tí kò sì wálẹ̀ (40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19), tí ìfúnpá kò sì já, ó yẹ kí dókítà wo POTS, àìsàn tí ọkàn fi ń sáré jù nígbà tí èèyàn bá dìde dúró. Tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìfúnpá tó ń já nìyẹn. Ààwẹ̀, ibà, oòrùn àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè mú kí ọkàn sáré bákan náà, ìdí nìyẹn tí PCV fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àyẹ̀wò yìí náà kì í sọ pé ME/CFS ni o. Ohun tó ń fi hàn ni apá kan ìyà náà tí a lè tọ́jú. Kí aláìsàn má sì ṣètò iṣẹ́ kankan fún ọjọ́ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ní kí ẹni tí iṣẹ́ díẹ̀ ń dá wó máa fi tipátipá fi kún eré ìdárayá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. NICE ti yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà wọn láti 2021.

Nígbà tí ìròyìn àmì tuntun bá tún dé sí tábìlì yín, Olóòtú wa, ẹ bá wa fi ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta kún un: aláìsàn mélòó ni wọ́n lò, àwọn wo ni wọ́n fi wé wọn, láàbù mìíràn tí kò ní èrè níbẹ̀ ha ti tún un ṣe kó sì rí ohun kan náà? Ti oṣù October yẹn, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á wà lára àwọn tó ṣe é. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó máa sanwó mọ̀ ọ́n.

Àwa ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù ẹ̀jẹ̀ mélòó kan,
Ìbàdàn.